Nọ́ńbà ta ni dátábéèsì fún yín yẹn?

Ẹ jẹ́ ká fi kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé ní Thamesmead East ṣe àpẹẹrẹ. Orí fóònù làwọn òbí ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀. Table kan wà fún orúkọ àwọn ọmọ, òmíràn wà fún oúnjẹ tí ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ. Nọ́ńbà ọmọ ló so méjèèjì pọ̀, dátábéèsì fúnra rẹ̀ ló sì ń pín nọ́ńbà náà.

Tí a bá ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, báwo la ṣe máa mọ nọ́ńbà tó gbà?

Tí mo bá ń yẹ kóòdù wò níbi iṣẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni `SELECT MAX(id)`, ìyẹn ni pé, "nọ́ńbà wo ló tóbi jù?" Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó, kò ní sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá kan forúkọ Ṣadé sílẹ̀, Ṣadé gba 41. Kí ètò tó béèrè, bàbá kan ní Abbey Wood ti fi ọmọ tiẹ̀ sílẹ̀, ó gba 42. 42 ni ètò máa gbà fún Ṣadé! Ni "kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà" bá bọ́ sórí ọmọ ọlọ́mọ. Ṣadé tí ẹ̀pà lè pa, kò sí nǹkan kan níwájú orúkọ rẹ̀. Dátábéèsì ò sì ní pariwo.

Tẹ́ ẹ bá gba tálì nílé ìwòsàn, ṣé ẹni tó gbà kẹ́yìn lẹ máa wò? Rárá o, èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí:

PostgreSQL
`INSERT INTO omo (oruko) VALUES ('Ṣadé') RETURNING id;`
Gbólóhùn tó kọ orúkọ náà ló dá nọ́ńbà padà. Ó ti wà láti ẹ̀dà 8.2, ọdún 2006. SQLite náà gbà á ní ẹ̀dà 3.35, ọdún 2021.

MySQL
Ẹ lo `LAST_INSERT_ID()`. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí connection tiyín nìkan ló ń rántí, torí náà orí connection kan náà ni kẹ́ ẹ ti béèrè. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ló máa fún yín.

SQL Server
Ẹ lo `OUTPUT` tàbí `SCOPE_IDENTITY()`. Ẹ ṣọ́ra fún `@@IDENTITY`: tí trigger bá kọ nǹkan sí table mìíràn, nọ́ńbà ibẹ̀ ló lè mú wá.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ fi orúkọ àti oúnjẹ sínú transaction kan ṣoṣo. Tí ìkejì ò bá wọlé, kí àkọ́kọ́ náà má wọlé, kí orúkọ ọmọ má baà wà níbẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ rẹ̀.