Omi Lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì àti Ètò Ìlú Tí Àlejò Ń Wá Wò

Nígbà tí ọdún Òrónnà bá ń lọ lọ́wọ́ ní Ìlaró, tàbí tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde ní Ìmẹ̀kọ àti Ayétòrò, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ti òkèèrè wá sílé: pé ó yẹ kí ilẹ̀ Yewa di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ yóò máa wá wò láti ọdún dé ọdún. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ìlú kékeré kan sì wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó ti ń rin ọ̀nà yìí fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún. Ìkógòsì-Èkìtì ni.

Ìkógòsì wà láàrin àwọn òkè ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, kò sì jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìsun omi méjì ni ó sọ ọ́ di ìlú olókìkí. Ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́, èkejì tutù. Olúkúlùkù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí wọn yóò fi pàdé, ẹni tí ó bá sì dúró ní ìpàdé wọn lè ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí kí ó ki èkejì bọ ìyẹn. Àwọn àgbà a máa pa á ní ìtàn pé ìyàwó méjì ni wọ́n, tí wọ́n jọ wà lábẹ́ ọkọ kan: oníbìínú di omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, oníwà-pẹ̀lẹ́ di omi tútù.

Ìtàn yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí ó ń pani lára ni ìtàn kejì, tí a máa ń bá nínú ìwé ìpolówó, pé ìgbóná omi náà tó 70 ní ìdíwọ̀n Celsius ní orísun rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wẹ̀ nínú rẹ̀ tí awọ ara rẹ̀ kò ní bó? Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wọn omi náà ní ibi tí ó ti ń sun jáde bá a ní nǹkan bí 37 tàbí 38, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìgbóná ara ènìyàn tí ara rẹ̀ le dọ́gba. Ohun ìyanu ni ìyẹn gan-an, kò sì nílò àbùmọ́. Àlejò tí a ti fi 70 tàn dé ibẹ̀ yóò fọwọ́ kan omi, yóò sì máa ronú pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, nígbà tí omi náà kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ibo ni ìgbóná náà ti wá? Kì í ṣe láti inú òkè oníná. Òjò tí ó rọ̀ sórí àwọn òkè ni ó ń gba inú pálapàla òkúta wọlẹ̀ lọ jìnnàjìnnà. Ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, bí a bá wa ilẹ̀ jìn tó kìlómítà kan, ìgbóná rẹ̀ a máa fi bí 25 sí 30 lé sí i. Omi òjò náà a gba ìgbóná yìí ní ìsàlẹ̀, a sì gba ojú sísán òkúta gòkè padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣètò Ìkógòsì kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwẹ̀ àti ilé àlejò. Orí òkè ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gé igbó orí òkè tán, tàbí tí a gbẹ́ ṣáláńgá sí ọ̀nà tí omi ń gbà, kò sí ilé mèremère tí yóò gba ìsun náà là.

Ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí. Àwọn ará Róòmù ti kọ́ ilé ìwẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, omi náà sì gbóná tó 46. Síbẹ̀ ní 1978 kòkòrò àìfojúrí kan láti inú omi náà pa ọmọbìnrin kan, a sì ti ibi ìwẹ̀ náà pa. Ó di ìgbà tí a gbẹ́ ihò tuntun jìn sínú ilẹ̀ láti fa omi mímọ́, tí a sì kọ́ ibi ìwẹ̀ mìíràn, kí àwọn ènìyàn tó tún wẹ̀ nínú omi náà ní 2006. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko! Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jẹ́ ibùgbé dídùn fún kòkòrò. Yíyẹ̀ ẹ́ wò déédéé kì í ṣe ohun tí a ń fi dọ̀la.

Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí John McGee jẹ́ aṣáájú wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ fi Ìkógòsì ṣe ibùdó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà ìjọba bọ́ sí i. Ìlú náà wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ó bọ́ sábẹ́ Oǹdó ní 1976, ó sì di ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní 1996. Nígbà tí ìjọba bá fojú sí i, ilé a dán, iná a tàn, àlejò a dé. Bí ó bá gbójú kúrò, koríko a bo ọ̀nà. Ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí tún un ṣe nínú sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, láàrin 2010 sí 2014. Nínú sáà kejì a fà á lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti máa bójú tó o. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn dára jù, bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun tí yóò kan ará ìlú kedere.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó sì ṣòro jù. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba oko fún ètò afẹ́, ilé àti irè oko tí ó wà lórí rẹ̀ ni a ń san owó rẹ̀ fún olóko. Ilẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò ní iye tí ó jọjú nínú ìṣírò náà. Ìdílé tí ó pàdánù oko báyìí, kí ni yóò máa jẹ nígbà tí àlejò bá ń jẹ ìgbádùn? Bí iṣu ilé àlejò bá ti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú wá, tí àwọn ọmọ wọn sì jẹ́ afinimọ̀nà tí a kọ́ dáadáa, ẹ̀dùn náà yóò dínkù. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu pé ènìyàn lè rin ìrìn-àjò dé Èkìtì, ilé iyán, kí a sì gbé ìrẹsì kalẹ̀ fún un.

Ní ilẹ̀ Yewa, ìṣòro mìíràn tún wà lórí èyí. Ojoojúmọ́ ni omi Ìkógòsì ń sun, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọdún Òrónnà. Ilé àlejò tí a bá kọ́ tì í yóò kún fún ọjọ́ mélòó kan, yóò sì ṣófo fún oṣù púpọ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 tí ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008, jẹ́ ti Nàìjíríà, Benin àti Tógò papọ̀. Nítorí náà àlejò rẹ̀ lè gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò wọlé, bí ọ̀nà bá dára tí àwọn aṣọ́bodè kò sì dà á láàmú. Agbẹ́gilére kì í sì dúró de ọjọ́ ọdún kí ó tó mú àáké. Ìsọ̀ rẹ̀, níbi tí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ láti inú ìtì igi, ṣeé wò nínú oṣù tí ìlù dákẹ́. Ìjókòó abẹ́ òjìji, omi mímu àti ilé ìyàgbẹ́ tí ó mọ́ ni ó kù kí a kọ́kọ́ pèsè síbẹ̀.