Fèrèsé Tí A Tì, Èémí Tí Kò Jáde

Ní Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀, púpọ̀ nínú wa a máa ti fèrèsé pa lálẹ́ nítorí ẹ̀fọn àti olè. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí orí wúwo, a ó ní ibà ni. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ èémí tiwa tí kò rí ọ̀nà jáde.

Ní 1858, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Max von Pettenkofer, kọ́ni pé carbon dioxide tí a ń mí sóde ni a lè fi mọ̀ bí afẹ́fẹ́ yàrá ti rí. Lónìí, ẹ̀rọ kékeré ń ka iye rẹ̀. Níta, ó tó bí 420 nínú mílíọ̀nù kan. Bí ó bá kọjá 1,000 nínú yàrá, afẹ́fẹ́ tuntun kò tó. Ẹ fi irin àti àwọ̀n sí fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn, ẹ ṣí wọn, kí ẹ sì tún wo ẹ̀rọ náà. Bí iye kò bá wálẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣì dí.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Nínú àwọn ilé tí Arieh Sharon ya àwòrán wọn fún Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn 1960, òkè gbòòrò ju ìsàlẹ̀ lọ láti ṣíji bo ògiri, atẹ́gùn sì ń la inú wọn kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ yìí kì í ka carbon monoxide, májèlé aláìlóòórùn inú èéfín jẹnẹrétọ̀, tí í pa ènìyàn lójú oorun. Kí ẹ tó ṣí fèrèsé, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà réré sí i. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.