Mẹ́táàlì Wo Ló Lágbára Jù? Ẹ Sọ Ohun Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Fi Ṣe Ná

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, ẹ kàn bi wọ́n pé mẹ́táàlì wo ló lágbára jù láyé. Ẹnì kan á ní títáníọ̀mù ni, torí ó rántí ariwo tí Apple pa nígbà tí wọ́n gbé iPhone 15 Pro jáde ní 2023. Ẹlòmíì á ní tungsten ni, torí kò sí mẹ́táàlì kankan tó pẹ́ tó o kó tó yọ́ nínú iná: ó di 3,422°C. Ẹni kẹta tó ti wo fíìmù jù á ní vibranium. Wọ́n lè jiyàn di alẹ́, kò sẹ́ni tó máa borí, torí pé "agbára" tí wọ́n ń sọ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo.

Ẹ wo fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá àti ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń jẹun. Fáìlì á ha ṣíbí lára, ṣíbí ò lè ha fáìlì. Ìyẹn ni líle. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fáìlì sórí òkúta kẹ́ ẹ fi òòlù gbá a, ó lè ṣẹ́ sí méjì bí àwo. Ṣíbí á kàn tẹ̀, ẹ ó sì tún un tẹ̀ padà. Nígbà náà, èwo ló lágbára nínú àwọn méjèèjì? Kí nǹkan le kó má ṣeé ha, kó gbé ẹrù láì nà, kó gba ìgbájú láì fọ́, kó má tẹ̀ rárá: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra, mẹ́táàlì tó gbégbá orókè nínú ọ̀kan lè gbẹ̀yìn nínú òmíràn. Òrùka tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bíi tungsten, tó jẹ́ pé tungsten àti kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, le débi pé ọ̀bẹ ò ràn án. Bẹ́ẹ̀ tí ìka bá wú nínú ẹ̀, ńṣe ni dókítà máa ń fún un mọ́ra títí á fi fọ́ wẹ́wẹ́.

Èyí tó kan wa jù lónìí ni ti gbígbé ẹrù. Ẹ̀rọ kan wà ní lábù tó máa ń di ọ̀pá irin mú lókè àti nísàlẹ̀, á wá máa fà á díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, irin náà á gùn díẹ̀ tójú lásán ò lè rí. Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bíi rọ́bà. Tẹ́ ẹ bá ń fà á lọ, ó máa dé ibì kan tí kò ní lè padà mọ́, tó ti nà, ó ti nà náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní yield. Ẹ ṣì lè máa fà á lẹ́yìn ìyẹn. Àárín rẹ̀ á tín-ín-rín bí ọrùn ìgò, á sì já pẹ̀lú ariwo tó lè mú ẹni tí ò retí ẹ̀ fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́lé ò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí irin bá já. Kó tó já, ilé ti bàjẹ́.

MPa ni wọ́n fi ń ka agbára yìí. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Báàgì pure water kan, ọ̀rá 20, jẹ́ nǹkan bíi kílò 10. Ká ní a ní wáyà kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà kan níbùú àti lóòró, 100 MPa túmọ̀ sí pé ẹ lè so báàgì pure water kan mọ́ ọn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìpadà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká so ó. Àlùmíníọ̀mù lásán tí wọn ò pò mọ́ nǹkan kan, tó sì rọ̀, jẹ́ bíi 35 MPa: ọ̀rá pure water méje péré. Irin gbẹ̀rẹ̀ tí àwọn wẹ́dà ń jó lójoojúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi 250, báàgì méjì àbọ̀. Irin tí wọ́n ń fi sínú kọnkéré gbọ́dọ̀ tó 420 ní ìlànà Nàìjíríà. Ìlànà Bírítéènì, BS 4449, béèrè 460 ní 1997, wọ́n sì gbé e sí 500 ní 2005. Ó wá kan àlùmíníọ̀mù 7075, tí wọ́n pò mọ́ zinc, magnesium àti bàbà, tí wọ́n ń lò lára ọkọ̀ òfuurufú. Òun náà ń gbé tó 500, bẹ́ẹ̀ ìwúwo rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́ta ìwúwo irin lọ púpọ̀. Títáníọ̀mù Grade 5, irú èyí tó wà lára fóònù yẹn, ń gbé bíi 880. Ẹni tó ní títáníọ̀mù ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, àbí? Kó fara balẹ̀. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní maraging, tí wọ́n pò mọ́ nickel, cobalt àti molybdenum: ó ń lọ sí 2,000 MPa. Ogún báàgì pure water lórí wáyà tó tín-ín-rín ju igi ìṣáná lọ. Títáníọ̀mù borí nínú fífúyẹ́ àti àìdípẹtà, kì í ṣe pé ó lágbára ju gbogbo irin lọ. Apple fúnra wọn ti padà sí àlùmíníọ̀mù fún iPhone 17 Pro ní 2025, torí pé títáníọ̀mù kì í tètè tú ooru dànù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Tí ẹrù ò bá tíì pọ̀, irin pọ́ọ́kú àti irin olówó gọbọi máa ń tẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ wọn kì í hàn títí tí èyí tó jẹ́ pọ́ọ́kú á fi dé yield tirẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà bá a lọ́jà.

Báwo wá ni àlùmíníọ̀mù tó jẹ́ 35 ṣe di 500 nígbà tí wọ́n bu nǹkan míì sí i? Nínú mẹ́táàlì, àwọn átọ́ọ̀mù tò ní ìlà-ìlà bí búlọ́ọ̀kù. Kí mẹ́táàlì tó lè nà, ìlà kan ní láti yọ́ sún lórí ìlà kejì. Ẹ fojú inú wo kápẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní pálọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa làágùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ká a jọ díẹ̀ létí kan kó wú sókè, tẹ́ ẹ wá ń fẹsẹ̀ ti wíwú yẹn lọ sí etí kejì, kápẹ́ẹ̀tì á ti sún láì ni yín lára. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ wà nínú gbogbo mẹ́táàlì, dislocation lorúkọ rẹ̀. Ní 1934, Taylor, Orowan àti Polanyi ṣàlàyé rẹ̀, oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá gbé àga àti tábìlì lé kápẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Wíwú yẹn á há. Iṣẹ́ tí átọ́ọ̀mù àlejò ń ṣe nínú àdàpọ̀ mẹ́táàlì nìyẹn.

Ìdí tí idẹ fi le ju bàbà lọ náà nìyẹn. Ẹ má sì rò pé àwọn baba ńlá wa ò mọ ìyàtọ̀. Àwọn òyìnbó ń pe gbogbo orí Ifẹ̀ ní bronze, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn jẹ́ bàbà tí wọ́n pò mọ́ zinc, àwọn kan sì jẹ́ bàbà lásán, bí ìbòjú Ọbalùfọ̀n. Bàbà lásán ṣòro dà ju idẹ lọ dáadáa. Ẹni tó dà á mọ ohun tó ń ṣe.

Ìgbà míì, àlejò náà á kọ́kọ́ fara pamọ́. Ní 1906, Alfred Wilm ní Jámánì po àlùmíníọ̀mù mọ́ bàbà àti magnesium díẹ̀, ó gbé e sínú iná, ó tì í bọ omi. Nígbà tó wọn ọ́n, kò rí nǹkan gidi. Ó lọ sinmi òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó padà dé, mẹ́táàlì tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn ti le sí i fúnra rẹ̀! Átọ́ọ̀mù bàbà ló ti ń kó ara wọn jọ ní ṣùù kéékèèké, tí wọ́n sì ń dí ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Duralumin ti wá.

Ti irin, kábọ́ọ̀nù ni àlejò rẹ̀, kì í sì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Alágbẹ̀dẹ mọ èyí láì ka kẹ́místrì: tó bá ti irin pupa bọ omi, á le, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹ́. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á tún yá a díẹ̀ lójú iná kí líle yẹn lè rọlẹ̀. Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe irin TMT tẹ́ ẹ ń rí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bó ṣe ń jáde nínú ẹ̀rọ ní pípọ́n, wọ́n á da omi lé e. Ara rẹ̀ lóde á le, inú á ṣì gbóná, ooru inú á wá yá òde padà. Òde líle, inú rírọ̀.

Inú rírọ̀ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ní January 1943, ọkọ̀ ojú omi Schenectady dúró jẹ́ẹ́ ní èbúté Portland, Amẹ́ríkà, nínú òtútù, kò síjì, kò ìgbì, ló bá là sí méjì. Irin rẹ̀ kì í ṣe aláìlágbára. Òtútù ló sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, ìlà kékeré kan sì sá já gbogbo ara ọkọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òtútù kọ́ ni wàhálà. Ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n ń rọ ní Nàìjíríà, àlòkù tí wọ́n kó jọ tí wọ́n yọ́ ni, torí Àjàòkúta ṣì ń mú wa retí. Kò sóhun tó burú nínú àlòkù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí phosphorus tàbí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀ jù nínú ẹ̀, irin náà lè gbé 420 dáadáa kó sì ṣẹ́ lójijì. Irin tó dáa máa ń tẹ̀ kó tó já. Kọnkéré á sán, ilẹ̀kùn á máa há, àwọn èèyàn á ráyè sá jáde.

Ká wá lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ kọ́lé, ó fẹ́ ra irin 12. Ohun tí ọ̀pá irin lè gbé dúró lórí bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn sì ń lọ sílẹ̀ ju bójú ṣe rò lọ. Irin 12 tó pé, pẹ̀lú 420 MPa, máa gbé nǹkan bíi báàgì sìmẹ́ńtì 97 kó tó nà. Tó bá jẹ́ pé mílímítà 10 àbọ̀ ni wọ́n rọ, tí wọ́n sì ń pè é ní 12, báàgì 74 ló máa gbé. Mílímítà kan àbọ̀ péré, tí ojú lásán ò lè dá mọ̀, ló jí báàgì 23 lọ. Nígbà tí wọ́n bá sì dà á tán, ẹrù ò tíì pọ̀, dẹ́kìnì á dúró, kò ní sí àmì kankan. Mo ní ká padà bá ọ̀rọ̀ yẹn.

Èmi ò sọ pé irin ló ń wó gbogbo ilé. Kọnkéré tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kéré, ìpìlẹ̀ tí ò dáa, àjà tí wọn ò yà sí pílánù, gbogbo ẹ̀ ló ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ti irin ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò, ẹ ò sì nílò lábù.

Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n, torí àwọn ìlà tó yọ lára rẹ̀ máa tàn yín. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Irin 12 gbọ́dọ̀ wúwo tó kílò 0.888 ní mítà kan, ọ̀pá oní-mítà 12 sì jẹ́ kílò 10.66. BS 4449 gbà kó fi nǹkan bí ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ìyẹn kílò 10.2. Èyí tó jẹ́ 10 àbọ̀ ò ní ju 8.2 lọ.

Tó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù lẹ rà, ẹ kàn kà á. Tọ́ọ̀nù kan irin 12 tó pé jẹ́ ọ̀pá 94 tàbí kó fi ẹyọ díẹ̀ lé. Tí ọlọ́jà bá ka 120 fún yín tó ń rẹ́rìn-ín pé òun fi jálẹ̀, kì í ṣe èènì ni ó fún yín o. Irin tín-ín-rín ni, bíríkìlà yín á sì ka iye ọ̀pá tó wà nínú pílánù, kò ní ka ìwúwo.

Fún ìwọ̀n míì, ẹ fi mílímítà rẹ̀ lu ara rẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sí 162, ẹ ó rí kílò tó yẹ kó wà nínú mítà kan. Irin 16 máa fún yín ní 1.58, irin 10 máa fún yín ní 0.617. Ẹ yan ọ̀pá mẹ́ta-mẹ́rin láti inú ìdì tó yàtọ̀ síra, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà bá nawọ́ sí.