Kí Ẹ Tó Lọ Wàásù ní Ilẹ̀ Niger

Ẹ̀yin tí ìjọ yín fẹ́ rán lọ wàásù ní àwọn abúlé ilẹ̀ Niger, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀nà ibẹ̀ dára jù. Ìgbà náà gan-an, láti oṣù December títí dé June, ni àrùn yírùnyírùn ń jà. Ní ọdún 2015 ó pa ju 500 ènìyàn lọ níbẹ̀.

Itọ́ àti ikọ́ ni ó fi ń ràn, pàápàá níbi tí ènìyàn bá há pọ̀ sùn nínú yàrá kan. Ẹ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 10, ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra. Ẹ gba ti ibà pọ́njú náà, bí ẹ kò bá tíì gbà á rí.

Arákùnrin kan sọ fún mi pé Ọlọ́run tí ó rán òun yóò pa òun mọ́. Àmín o! Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí lè wà lọ́fun ẹni tí ara rẹ̀ le koko, kí ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ ran ọmọ onílé tí ó gbà á lálejò.

Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn rẹ̀ sì gan, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà.