Bí Pijó Ṣe Gba Èrò Mọ́ Bàálù Lọ́wọ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń fọ́nnu ní ibùdókọ̀ Ìwó Road n'Íbàdàn pé bàálù ló yẹ kéèyàn máa wọ̀ lọ s'Ékòó, nítorí kò tó ààbọ̀ wákàtí lókè. Bàbá arúgbó kan tó ti fi Pijó 504 na ọ̀nà yẹn nígbà ayé rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, kí bàálù yín tó gbéra ní Alákìá, àwa ti já èrò ní Òjóta."

Ọmọ náà ò parọ́. Téèyàn bá fa ìlà tààrà láti pápákọ̀ òfuurufú Alákìá, tó ń jẹ́ orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, dé ti Murtala Muhammed n'Íkẹjà, nǹkan bíi kìlómítà 113 ni. Bàálù ATR alábẹ̀bẹ̀ lè sá tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú 14 ti tó o. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ti kúrú jù fún eré àsápajúdé: kò tíì gòkè tán tí awakọ̀ fi ń múra àtisọ̀. Ni ìṣẹ́jú 14 ṣe ń di bíi 25, láìka rírá pálá lórí ilẹ̀.

Bàálù nìkan kọ́ ló ń kó èrò ọ̀nà yìí: reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà márosẹ̀ ṣí ní 1978, reluwé tuntun tẹ̀lé e ní 2021. Ohun tó wá lé èrò kúrò nínú bàálù làwọn èèyàn ibùdókọ̀ náà ń jà sí. Bàbá ní àwọn awakọ̀ Pijó ni. Wákàtí kan làwọn fi ń dé Èkó. Ó ní bàálù fi ọ̀gá kan sílẹ̀ lọ rí. Ọ̀gá náà fìbínú dé gárèèjì, ó sanwó gbogbo ìjókòó, ó ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Ìkẹjà, àwọn tó wọ bàálù ṣì ń dúró de àpótí wọn. Bàbá ò rántí orúkọ ọ̀gá, kò sì rántí ọdún. Tíṣà àgbà kan tó jókòó tì í ní irọ́ ni, pé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 tó fọ́ náírà, ló pa bàálù: dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀, owó ọkọ̀ wá kọjá agbára òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìyá aláṣọ kan dá sí i: "Ẹ̀yin bàbá, bàálù wo ló fẹ́ gba ẹrù tiwa tẹ́lẹ̀?"

Ti bàbá ni mo fara mọ́. Ọ̀nà tó lé díẹ̀ ní kìlómítà 127, wákàtí kan! Àwọn tí eré yẹn pa ò sì sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ta ló ń fọkàn sí wákàtí kan lónìí? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àtúnṣe ọ̀nà márosẹ̀ náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2013 fi dá èrò dúró ní Ìbàfò àti Mọ̀wé, níbi tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀ tí ilé àti ilé àdúrà wá kún fọ́fọ́.

Síbẹ̀ bàálù ò rí èrò rẹ̀ gbà padà. Àbújá ni ọ̀pọ̀ èyí tó ń gbéra ní Alákìá dojú kọ. Reluwé Mọníyà sí Èbúté Mẹ́tta ń lò tó wákàtí méjì ààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ ìgbà tóun máa dé. Àwọn tí mo ń rí tó ṣì ń béèrè bàálù Èkó ni àwọn tó fẹ́ wọ ti òkè òkun n'Íkẹjà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń gba ojú títì lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n lè sùn sílé ẹbí.