Láti Odògbolú dé Oxford: Ogun Àwọn Olóòtú

Ní 1964, bí ará Odògbolú bá fẹ́ mọ bí òṣèlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ń lọ, ẹgbẹ́ ni yóò rà pọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn. Tribune, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nítòsí wa níbí, dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1949, ń gbèjà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ládòkè Akíntọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀, dá ìwé ìròyìn Sketch sílẹ̀ kí ó lè ní ẹnu tirẹ̀. Akíntọ́lá mọ agbára ìwé ìròyìn dáadáa: òun náà ti ṣe olóòtú Daily Service rí.

Ẹni tó ń ka Tribune mọ ibi tí Tribune dúró sí, ẹni tó ń ka Sketch náà mọ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni; ẹni tó bá gbọ́n a máa yá ti aládùúgbò rẹ̀ kà mọ́ tirẹ̀.

Irú ìjà yìí gan-an ló gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní 1643. Ọba Charles Kìíní àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti kọjú ìbọn síra wọn. Ọba fìdí kalẹ̀ sí Oxford, àwọn aṣòfin di Lọ́ńdọ̀nù mú. Ní oṣù kìíní ọdún náà, àwọn èèyàn ọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Mercurius Aulicus ní Oxford. John Berkenhead ni gbajúmọ̀ olóòtú rẹ̀, wọ́n sì ń yọ́ ọ kó wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹjọ, Lọ́ńdọ̀nù fèsì: wọ́n gbé Mercurius Britanicus jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni pé kí ó mú ọ̀rọ̀ Aulicus ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó já a ní irọ́, kí ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Marchamont Nedham wà lára àwọn tó ń kọ Britanicus. Nígbà tó di 1646, ẹnu rẹ̀ sí ọba ti kọjá ààlà débi pé àwọn aṣòfin tó ń jà fún gan-an ló tì í mọ́lé. Ní 1647, ó lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ọba, ó sì bẹ̀rẹ̀ Mercurius Pragmaticus, níbi tó ti ń bú àwọn ọ̀gá rẹ̀ àná. Wọ́n bẹ́ ọba lórí ní 1649. Wọ́n tún ju Nedham sẹ́wọ̀n. Ní 1650, ó ti ń gba £100 lọ́dún láti máa kọ Mercurius Politicus fún ìjọba tuntun.

Ó rọrùn láti pè é ní ẹlẹ́nu méjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sketch. Àwọn ológun gbàjọba ní 1966, Akíntọ́lá kú, ìwé tó dá sílẹ̀ kò kú; ìjọba tó tẹ̀ lé e ló jogún rẹ̀. Nedham kàn ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹran ara tirẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí alátakò rẹ̀ ṣì ń tẹ̀wé, àyípadà Nedham kò lè ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ìwé kejì yóò tú u fó. Nǹkan yí padà ní 1655. Oliver Cromwell, tó ti di olórí ìjọba nígbà náà, fòfin de ìwé ìròyìn gbogbo, àfi méjì, Nedham ló sì ń ṣe olóòtú méjèèjì.

Àwa náà mọ ìtọ́wò irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 1964 tí Sketch bẹ̀rẹ̀, ìjọba kan náà fòfin de ẹgbẹ́ eléré Hubert Ògúǹdé, ọmọ Òṣósà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú. Kò sí ibi tó lè ṣeré mọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí ìjọba ológun fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1966.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé olóòtú kan ń ṣe ẹgbẹ́, kí á má tíì pariwo. Kí á kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹni tó lè já a ní irọ́ yóò ráyè tẹ ìwé tirẹ̀ lọ́la.