Ẹ Jẹ́ Kí Á Sàmì sí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ ní Àyíká Òkè Ìdànrè

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni a fẹ́ fi ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nígbà tí epo mọ́tò wọ́n, tí ọ̀rọ̀ òṣèlú sì gba gbogbo ẹnu. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ òkè Ìdànrè ni, ọ̀rọ̀ oko kòkó ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ sì ni pẹ̀lú. Ohun tí à ń bèèrè kò ju pé kí a yan díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tí ń bẹ lẹ́bàá àwọn òkè agbègbè Àkúré àti Oǹdó, kí a tún wọn ṣe, kí a sì sàmì sí wọn, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá láìṣìnà àti láìfòyà.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí owó kòkó kọ́kọ́ wọ ìlú, kẹ̀kẹ́ Raleigh wà lára ohun tí àgbẹ̀ fi ń fi han ará àdúgbò pé ọdún náà yẹ òun. Àwọn tí ń ra kòkó fi í wọ abúlé tí mọ́tò kò lè dé. Wolé-wolé gùn ún, àjíhìnrere gùn ún. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ilé-ẹ̀kọ́ wọ abúlé lọ́tùn-ún lósì, orí kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gbà dé ibi iṣẹ́ wọn. (Ẹ bi àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì léèrè nípa àtùpà kẹ̀kẹ́ àti ọlọ́pàá, wọn yóò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.) Ọ̀kadà ni ó lé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú pópó wa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó lónìí bí ohun ìṣeré ọmọdé tàbí àmì òṣì.

Kẹ̀kẹ́ tí a fi ń gun òkè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn baba wa. Táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ní eyín bí ti katakata. Irin tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú ní sípíríǹgì nínú. Jíà rẹ̀ pọ̀, kí ẹni tí ń gòkè lè máa rọra wọ́ lọ. Bíréèkì rẹ̀ sì lágbára. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ó kọ́kọ́ ronú kàn án. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní California, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a máa gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun òkè Tamalpais, wọn a sì máa fi sáré sọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n pè ní Repack. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ yìí ni pé bíréèkì kẹ̀kẹ́ wọn, tí ó wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, a máa gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ a jó tán kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, wọn a sì ní láti tú u kí wọ́n tó lè fi gíríìsì tuntun kún un. Ní ọdún 1996, eré yìí ti wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta, níbi kan náà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ti gba wúrà. Ogún ọdún péré, láti orí kẹ̀kẹ́ àkúfọ́!

Ẹni tí ó bá sọ pé eré òyìnbó ni, kí ó wo Rwanda, ilẹ̀ tí òkè rẹ̀ kò lóǹkà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ni a ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú pópó ti gbogbo àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Lóòótọ́, ojú ọ̀dà ni wọ́n ti sá a, kì í ṣe inú igbó. Ṣùgbọ́n òkè tí àwọn ẹlòmíràn ìbá máa ráhùn lé lórí ni Rwanda sọ di ọrọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 2004 ni ìdíje Cape Epic ti ń kó àwọn agẹṣin-irin jọ láti ilẹ̀ òkèèrè wá sórí àwọn òkè wọn. Níhìn-ín ní Nàìjíríà pàápàá, ìpínlẹ̀ Cross River bẹ̀rẹ̀ eré ìje orí òkè Obudu ní ọdún 2005, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sá a. Kí ni Obudu ní tí Ìdànrè kò ní?

Ìdànrè kò ju nǹkan bí kìlómítà 25 sí Àkúré. Àwọn òkè rẹ̀ ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ gbé wà, kí àwọn ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Láti ọdún 2007 ni orúkọ ibẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé. Nítorí náà, a fẹ́ sọ ọ́ ketekete kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́: kí kẹ̀kẹ́ kankan má ṣe dé orí òkè. Ojúbọ wà níbẹ̀, ibojì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni àwọn baba Ìdànrè fi gùn ún, ẹsẹ̀ náà ni kí àwa náà máa fi gùn ún. Ìsàlẹ̀ òkè ni ti kẹ̀kẹ́: àwọn ọ̀nà oko tí ó gba abẹ́ igi kòkó kọjá ní ìhà Aládé, Òdòdé àti Àtòsìn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ katakata, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ sórí òkè Ìdànrè, ìsàlẹ̀ ni ó ń dà á sí. Bí a bá la ọ̀nà ní tààrà láti òkè wá sílẹ̀, òjò ọdún kan tó láti sọ ọ́ di gọ́tà. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí a máa mú ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó dagun ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ nínú 10. Wọn a tún mú kí ojú rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ síhà ìsàlẹ̀, kí omi lè ré e kọjá dípò kí ó máa bá a lọ. Ní ti àmì, àwọn ará Britain, tí ọ̀nà wọn ní Coed y Brenin, ilẹ̀ Wales, ti gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1990, a máa fi àwọ̀ ṣe é: àwọ̀ ewé fún ọ̀nà tí ó rọrùn jù, lẹ́yìn èyí àwọ̀ aró, lẹ́yìn èyí pupa, dúdú sì ni fún ọ̀nà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn kò gbọdọ̀ dé. Ọ̀dà díẹ̀ àti òpó igi ni gbogbo ohun èlò rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó le jù ni ti ènìyàn. Oko olóko ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí gbà kọjá, àgbẹ̀ tí ó sì jí tí ó bá kòkó tí ó sá ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yóò gbé àdá, a kò sì ní bá a wí. Ọdẹ ń dẹ pàkúté. Àwọn ajínigbé sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù igbó. A kò fojú kéré ẹ̀rù yìí rárá; nítorí rẹ̀ ni a fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a pa tì ni ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi. Ọ̀nà tí ó ní àmì, tí a mọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ní àárọ̀ àti ẹni tí a ń retí ní ọ̀sán, rọrùn láti ṣọ́. Kí a kọ́kọ́ pe àwọn olóko, àwọn ọdẹ àti àwọn ìjòyè jókòó, kí a bá wọn ṣàdéhùn ohun tí yóò máa kàn wọ́n nínú owó àlejò. Bí wọ́n bá kọ̀ fún ọ̀nà kan, kí a fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni a ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ ọ̀nà wọ̀nyí, tí ó mọ odò tí ó gé wọn àti igi tí a fi ń dá wọn mọ̀, ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìwé tí ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Àkúré lè ka orúkọ ọba Íjíbítì bí ẹni ka owó, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, kò jìnnà sí ìlú rẹ̀, ni a ti hú egungun ènìyàn tí ó ti lé ní 10,000 ọdún jáde ní ọdún 1965. Ọmọ Oǹdó ń ka Fágúnwà, kò sì tíì tẹ Òkè-Igbó rí, ibi tí a bí i sí. Bí olùkọ́ kan bá kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ bá àgbà kan ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n sì ya ọ̀nà kan ṣoṣo sínú ìwé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ń kọ́? Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ pápá ìṣeré Liberty sí Ìbàdàn ní ọdún 1960, tí a ń fi orúkọ Olóyè Awólọ́wọ̀ pè nísinsìnyí, àwọn tí ó kọ́ ọ kò ka eré sí àṣedànù. Èyí tí à ń wí kò tó owó pápá ìṣeré. Ẹni tí ó bá wá bẹ̀ yín fún ìbò káńsù, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe sí ọ̀nà kan pàtó, kí ẹ dárúkọ ọ̀nà náà fún un, kí ó má baà fi ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè lásán dá yín lóhùn.

Òjò ń dá ní ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹta, ilẹ̀ gbẹ, koríko fà sẹ́yìn, ojú ọ̀nà àtijọ́ sì ṣeé rí. Oṣù mẹ́rin nìyẹn. Ó tó fún ọ̀nà kan, àwọ̀ ewé, ní ìhà Aládé.